Ìbọ̀wọ́ Tí A Kò Fi Eyín Fà

Goedele fi eyín mú etí ìbọ̀wọ́ náà, ó fà á títí tó fi wọlé dé ọrùn ọwọ́. Norbert tó ni ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ náà figbe ta lẹ́yìn káńtà.

"Tíṣà! Mo ní kí o wọ̀ ọ́ wò, mi ò ní kí o jẹ ẹ́ o!"

"Bí a ṣe ń wọ̀ ọ́ nílé wa nìyẹn."

"Ilé yín mà kú iṣẹ́ o."

Ìbọ̀wọ́ karùn-ún tó ń wọ̀ wò rèé láàárọ̀ Sátidé yìí. Ó ti tó ogún ọdún tí Goedele ti ń kọ́ àwọn ọmọ ìlú Ronse ní ìṣirò, kò sí ìṣirò tó dẹ́rù bà á rí, ṣùgbọ́n ìbọ̀wọ́ lásán-làsàn ti da orí rẹ̀ rú. Èyí tó nípọn móoru dáadáa, àmọ́ kò jẹ́ kó mọ ibi tí ìka rẹ̀ parí sí. Èyí tó fẹ́lẹ́ jẹ́ kó mọ bíréèkì lára, atẹ́gùn sì ń gba inú rẹ̀ kọjá bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ọ̀kan tún wà tó so ìka pọ̀ ní méjì-méjì bí ọwọ́ akàn. Ìyẹn dára o, àmọ́ ojú ń tì í láti gbé e dé iwájú àwọn tí wọ́n jọ ń gun kẹ̀kẹ́. Èwo wá ni kí èèyàn mú?

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ oge ni. Ní Sátidé tó kọjá, bí ẹgbẹ́ agunkẹ̀kẹ́ wọn ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè Hotond, ìka rẹ̀ kú pátápátá. Ó ní kí àwọn ìka náà tẹ bíréèkì, wọn ò dá a lóhùn. Ó lọ kọlu táyà ẹ̀yìn Marnix, Marnix ṣubú, egungun èjìká rẹ̀ sì dá. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, Firmin, olórí ẹgbẹ́, wá bá a nílé. Kò tilẹ̀ jókòó.

"Goedele, kò sẹ́ni tó bínú sí ẹ. Ṣùgbọ́n táyà sí táyà la máa ń gùn, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Tó bá tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, o ò ní lè bá wa gùn mọ́."

Láti ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ló ti wà nínú ẹgbẹ́ yẹn. Sátidé tí kò bá bá wọn jáde, kì í mọ ohun tí yóò fi ara rẹ̀ ṣe. Aago méjì ọ̀sán yìí ni wọ́n tún ń jáde.

"Ta ló tiẹ̀ kọ́ ẹ ní fífi eyín fà yìí?" Norbert bi í.

"Bàbá mi ni."

"Achiel?" Ohùn Norbert rọlẹ̀. "Háà. Achiel."

Gbogbo àgbà Ronse ló mọ Achiel. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni nígbà tó dá nìkan ṣíwájú nínú ìdíje oṣù kẹta kan. Yìnyín ń bọ́, ó ku kìlómítà mẹ́sàn-án péré, ni ọwọ́ rẹ̀ bá kú. Kò lè yí jíà, kò lè tẹ bíréèkì. Ó dúró sẹ́bàá títì, ó ń sunkún, gbogbo wọn sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ọdún tó tẹ̀ lé e, bákan náà. Ló bá gbé kẹ̀kẹ́ kọ́, ó lọ síṣẹ́ nílé iṣẹ́ ìhunṣọ títí tó fi fẹ̀yìn tì. "Ẹ̀jẹ̀ tútù ló wà nínú ìdílé wa," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Òun náà ló sì sọ fún Goedele pé ìbọ̀wọ́ tí èèyàn bá lè wọ̀ láìfi eyín fà á, ó ti tóbi jù.

Norbert na ìka sí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kan tó kàn mọ́ orí káńtà. "Di èyí mú. Gbogbo yín lẹ máa ń na ìka gbọọrọ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi òrùka sí lọ́wọ́, ẹ ó ní ó bá yín mu. Ta ló ń na ìka gun kẹ̀kẹ́?"

Goedele dì í mú. Lẹ́sẹ̀ kan náà, ìbọ̀wọ́ náà fún un lórí ìka, ó sì há a láàárín àtàǹpàkò. Norbert ní kó dúró bẹ́ẹ̀. Ó da kọfí fún ara rẹ̀, ó mu ún dé àbọ̀, kó tó ní kó bọ́ ọ. Orí ìka rẹ̀ ti funfun báláú.

"Mo tan iná tó ń mú ilé móoru sínú ṣọ́ọ̀bù," ni Norbert wí. "Òtútù wo ló wà níbí?"

"Ẹ̀jẹ̀ ìdílé wa ni, ẹ ṣáà mọ̀."

"Ẹ̀jẹ̀ ìdílé yín fẹ́ kọjá, ìwọ lo fi ìbọ̀wọ́ tó fún dí i lọ́nà."

Ó mú irú ìbọ̀wọ́ kan náà jáde, èyí tó fi nọ́ńbà kan jù ú lọ. Ó wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, àyè díẹ̀ sì ṣẹ́ kù lórí ìka, kò ju hóró ìrẹsì lọ. Lójú Goedele, àfi bí ẹni pé ó yá ìbọ̀wọ́ ẹlòmíì wọ̀. Ta ni kó gbà gbọ́? Norbert ń tajà. Bàbá rẹ̀ kò tà á ní nǹkan kan rí. Àmọ́ ìka tó funfun yẹn ńkọ́? Ó ra méjèèjì.

"Ṣé ọwọ́ mẹ́rin lo ní ni?" Norbert bi í.

Nígbà tó di aago méjì, níwájú ilé kọfí tí wọ́n ti máa ń pàdé, òtútù ń ta bí abẹ́rẹ́. Goedele ò tíì mọ èyí tí yóò wọ̀. Níkẹyìn, ó wọ èyí tó láyè sí ọwọ́ ọ̀tún, ó fi eyín fa èyí tó fún sí òsì. Firmin ń wò ó.

"Kí lò ń ṣe yẹn?"

"Ìṣirò ni mò ń ṣe."

"Ẹ̀yìn mi gan-an ni kí o wà lónìí. Tó o bá máa pa ẹnì kan, kó jẹ́ èmi."

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Goedele gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó tò sẹ́yìn Firmin.

Fún wákàtí kan, nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìka òsì bẹ̀rẹ̀ sí í ta á, ó sì dákẹ́. Dídákẹ́ yẹn ló burú. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, katakata kan yọ láti inú oko, ó dí gbogbo títì. Firmin kígbe. Goedele tẹ bíréèkì méjèèjì. Òsì ò mira. Ọ̀tún tẹ̀ ẹ́. Kẹ̀kẹ́ náà gbọ̀n, ó falẹ̀, ó dúró. Àlàfo tó wà láàárín òun àti táyà Firmin kò ju àtẹ́lẹwọ́ kan lọ.

Firmin ò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Ó ń bú awakọ̀ katakata.

Goedele dúró síbẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́ sunkún. Ó ń ṣí ọwọ́ ọ̀tún, ó ń pa á dé. Ó wo òsì tó ti kú. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ló ń lọ nínú méjèèjì. Bàbá kan náà ló bí méjèèjì. Bó ṣe ro ìyẹn tán ni inú dídùn náà ṣá.

Ní nǹkan bí aago márùn-ún, ó dé ilé bàbá rẹ̀. Bàbá ti gbé kọfí kaná. Kò tíì kí i káàbọ̀ tó fi béèrè.

"Ọwọ́ ńkọ́? Ṣé ó kú?"

"Ọ̀kan kú, Pa."

"Mo ti sọ fún ẹ." Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ife mú, ọwọ́ ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. "Ẹ̀jẹ̀ tiwa ni. Kò sí ohun tí èèyàn lè ṣe sí i."

Kò fi ìbànújẹ́ sọ ọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ti bá ọ̀rọ̀ náà parí ìjà tipẹ́. Goedele la ẹnu. Tó bá sọ pé ìbọ̀wọ́ tó fún ló ń pa ọwọ́, ta ni bàbá yóò máa bínú sí láti òní lọ? Kò ní jẹ́ òtútù mọ́, kò ní jẹ́ ẹ̀jẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni yóò kù lẹ́bàá títì, tó ń fi eyín fa ìbọ̀wọ́ ara rẹ̀. Àánú ṣe é gan-an.

"Ó dáa náà pé ọ̀kan péré ni," bàbá wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Pa."

Goedele gé kéèkì fún un, ó jókòó tì í. Bàbá tún bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìnyín ọdún yẹn, láti ibi tí wọ́n ti yìnbọn kí wọ́n tó gbéra. Goedele ò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó gbọ́ ọ títí dé ibi tí gbogbo wọn ti kọjá.