Ẹni Tí Sàlíhátù Lè Bá Jà

Ẹnu méjì ni Sàlíhátù ní, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Tudun Wada, àdúgbò wọn ní Minna. Ẹnu tó ń gbé lọ sí ìta mú bí abẹ. Èyí tó ń gbé wọ ilé ọkọ, ọmọ ọwọ́ lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá ti fẹsẹ̀ kan wọ ọ̀ọ̀dẹ̀ báyìí, ohùn rẹ̀ á lọ sílẹ̀, á kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀, á kúnlẹ̀ kí àwọn ọmọ ilé, títí kan àwọn tí kò tíì hu irùngbọ̀n. Gbogbo ẹni tó ti wà nínú agbo ilé náà kí wọ́n tó gbé e níyàwó wọlé, ọkọ ló ń pè wọ́n, kì í sì í dárúkọ wọn. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní Ìlọrin nìyẹn kó tó wọ rélùwéè wá sí Minna, kò sì yẹ̀ ẹ́ rí.

Ṣùgbọ́n ẹni tí kì í sọ̀rọ̀, inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń lọ. Òrùlé ilé ìdáná rẹ̀ ń jò. Bí òjò bá ti ṣú, abọ́ ni yóò máa gbé kiri, ọ̀kan lábẹ́ ibí, ọ̀kan lábẹ́ ọ̀hún, kí omi má baà pa iná. Yàkúbù ọkọ rẹ̀, télọ̀ tó mọ iṣẹ́ bí ẹní mowó, kì í bá a jà, kì í sì í kọ̀ fún un. Ohun tó máa ń sọ ni pé, “Tó bá di ọ̀la, ìnṣá Allah.” Ìgbà tí Sàlíhátù wà nínú oyún Àbdùlbáàkí ni ọ̀la náà ti ń bọ̀. Àbdùlbáàkí ti ń lọ sí ilé kéwú báyìí, ọ̀la kò tíì dé.

Nínú ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1963, Sàlíhátù sá ata sí ẹ̀gbẹ́ títì, dírẹ́bà kan sì wa lọ́rì rẹ̀ gun ata náà gbuurugbu. Háà! Dírẹ́bà náà kò mọ irú ẹni tó ṣẹ̀.

“Sọ̀kalẹ̀!” ni Sàlíhátù pariwo. “Mo ní sọ̀kalẹ̀! Ṣé ojú ni Ọlọ́run fi sí ọ lórí, àbí ihò tí atẹ́gùn ń gbà kọjá? Háábà! Ata tí mo fi oòrùn ọ̀sẹ̀ kan gbáko sá! Walahi, ìwọ lo máa ṣà á, lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan!”

Ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn yẹn sọ̀kalẹ̀, ó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ata. Ẹni tó jókòó ti dírẹ́bà nínú lọ́rì ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Akínladé ni wọ́n ń pè é, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì wá láti Kàdúná níbi tó ti ń ya fíìmù. Ẹrù ẹ̀yìn lọ́rì yẹn, kámẹ́rà ni.

Gbogbo ènìyàn ló mọ fíìmù tí àwọn Akínladé ń ṣe. Májìgí ni a ń pè é ní Minna. Mọ́tò á gbé e wá, wọ́n á ta aṣọ funfun sórí pápá, tọmọdé tàgbà á sì jókòó sílẹ̀ wò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Akínladé wọlé lọ bá Yàkúbù, ó sì la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ fún un. Ó ní àwọn ti ṣe fíìmù kan lédè Háúsá nípa ọ̀lẹ ọkọ tí kò bo kànga ilé rẹ̀, tí ìyàwó bú títí ó fi bò ó. Fíìmù náà kò ṣiṣẹ́ rárá. Arẹwà ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni wọ́n fi ṣe ọkọ, fìlà rẹ̀ ni gbogbo ìlú ń wò, kò sẹ́ni tó rántí kànga. Ó wá kù kí wọ́n ṣe ti Yorùbá, èyí tí wọ́n máa gbé kiri Ìlọrin àti Kábà, kí wọ́n tó gbé e padà wá sí Minna.

“Mo ti ń wá ìyàwó ọ̀hún kiri,” ni Akínladé wí. “Òní yìí ni mo rí i, ó ń mú dírẹ́bà ṣa ata.”

Sàlíhátù wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń gbọ́. Ayọ̀ náà pọ̀ débi pé ó gbàgbé ata sójú títì. Òun! Lórí aṣọ funfun yẹn, níwájú gbogbo Minna! Kò sí ohun tó tíì wù ú tó bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti dáyé. Ó fi ọwọ́ di àyà mú, ó ń bẹ Ọlọ́run kí Yàkúbù má sọ pé tó bá di ọ̀la.

Yàkúbù kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ronú títí, ó sì gbà, ṣùgbọ́n ó fi àdéhùn kan sí i. “Ìyàwó mi kò ní pe ará ìta ní ọkọ lójú gbogbo ayé. Ẹni tó máa ṣe ọkọ yẹn, inú ilé yìí ni yóò ti wá.”

Ojú gbogbo wọn lọ sára Múdàṣírù, àbúrò Yàkúbù. Akọ̀wé ni ní ọ́fíìsì rélùwéè, ó ga, ó mọ́, eyín rẹ̀ funfun. Akínladé wò ó, ó rántí fìlà inú fíìmù Háúsá, ó sì mí kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló kù? Wọ́n fẹnu kò.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n gbé kámẹ́rà kalẹ̀ nínú àgbàlá, wọ́n ṣí ìdérí kúrò lórí kànga, Múdàṣírù sì nà sórí ẹní bí ọ̀lẹ. Àwọn ará Tudun Wada ti gun orí ògiri. Àbdùlsàlámì tó ń yí kámẹ́rà mú ojú lé e.

“Ó yá, Ìyá Báàkí!” ni Akínladé ké. “Ẹ bú u!”

Sàlíhátù jáde bí ìjì. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó la ẹnu, ó wo ojú Múdàṣírù, orúnkún rẹ̀ méjèèjì sì kanlẹ̀ fúnra wọn. “Ọkọ mi,” ló wí wẹ́rẹ́, “ẹ dákun, ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ kànga yìí.”

Ẹ̀rín pa àwọn tó wà lórí ògiri lẹ́ẹ̀kẹ́.

“Ìyá Báàkí, mo ní ẹ bú u!”

“Mo ti ń bú wọn, sà.”

Wọ́n tún un ṣe. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, pípele ló ń pele sí i. Múdàṣírù aláàánú dìde jókòó, ó ní, “Ìyàwó, ẹ máa bú mi, mo fọwọ́ sí i.” Ìyẹn ló wá bà á jẹ́ pátápátá. Kí ọkọ ẹni fẹnu ara rẹ̀ ní kí a bú òun! Sàlíhátù fi ìborùn bojú, ó sá wọlé.

Inú bí Akínladé. “Obìnrin tó mú dírẹ́bà ṣa ata dà? Ẹ gbọ́, fíìmù kámẹ́rà yìí kì í ṣe omi tí à ń bù dànù. Yéwándé wà ní Kàdúná, iṣẹ́ rẹ̀ nìyí. Bí kò bá yọrí títí di ọ̀sán ọ̀la, mo máa tẹ wáyà sí i, yóò sì wọ rélùwéè wá.”

Sàlíhátù gbọ́ orúkọ yẹn nínú ilé ìdáná, ó sì sunkún bí ẹni ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Yéwándé ni yóò wá dúró létí kànga tí òun ti ń pọnmi. Yéwándé ni Minna yóò máa wò. Orúnkún òun fúnra òun ló sì ta òun.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Yàkúbù káwọ́ pọ̀n sẹ́yìn, ó ń wò wọ́n. Akínladé rí i pé ojú ọkọ gidi náà ń wúwo sí obìnrin yìí lára. Ó ní, “Bàbá Báàkí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ máa ránṣọ yín.” Yàkúbù lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Síbẹ̀ kò yí padà. Sàlíhátù dé iwájú Múdàṣírù, orúnkún kanlẹ̀. Oòrùn ti ń gun orí, Akínladé sì ti ń wo apá ibi tí wọ́n ti ń tẹ wáyà.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí Sàláhúdéènì fi wọlé.

Ọkọ Ràhímátù ni Sàláhúdéènì, Ràhímátù sì ni àbúrò Yàkúbù obìnrin. Sàláhúdéènì ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe níwájú ilé kejì. Ikùn rẹ̀ ṣáájú rẹ̀ rìn, ẹnu rẹ̀ kì í pàdé tán, kò sì sí ẹni tó lè wò ó lẹ́ẹ̀kan kó ní kí ó ṣe fíìmù. Túùbù kẹ̀kẹ́ kan ló dì mọ́wọ́, ó ń wá ibi tó ti lu. Kò kí ẹnikẹ́ni, kò rí kámẹ́rà. Ó lọ tààrà síbi garawa omi mímu Sàlíhátù, ó ti túùbù eléruku, elépo yẹn bọ inú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ó ń wo ibi tí yóò ti hó.

“SÀLÁHÚDÉÈNÌ!”

Àwọn tó wà lórí ògiri fẹ́rẹ̀ẹ́ jábọ́.

“Omi tí a fẹ́ mu! Káì! Omi tí mo fi ọwọ́ mi fà láti inú kànga lo fi ń wẹ túùbù? Ṣé kò sí àgbẹ̀ tó ń ro oko inú ọpọlọ rẹ ni? Èpò ti bò ó! Gbé e jáde! Mo ní gbé e jáde kí n tó fi kọ́ ọ lọ́rùn!”

“Ìyá Báàkí, ẹ má bínú…”

“Pa ẹnu dé! Ó kéré tán, jẹ́ kí ẹnu yẹn pàdé lónìí kí n rí i!”

“Yí i!” ni Akínladé ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ sí Àbdùlsàlámì. “Yí i, má dúró!” Ó ti di orí mú, ó ń jó lójú kan.

Ẹ wò ó, kò le rárá. Sàláhúdéènì kì í ṣe ọkọ Sàlíhátù. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló dé agbo ilé náà. Lọ́jọ́ tó wá gbé Ràhímátù, Sàlíhátù wà lára àwọn ìyàwó ilé tó dí ilẹ̀kùn mọ́ ọn, tí wọ́n dá a dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀ títí inú wọn fi dùn. Àna ni, àna tó bá a nílé. Bó bá bú u di ọdún tó ń bọ̀, orúnkún rẹ̀ kò ní mọ̀ sí i.

“Ọkọ wa nìyí!” ni Akínladé pariwo.

Ṣùgbọ́n àdéhùn Yàkúbù ńkọ́? Ojú gbogbo wọn yí sí Kúlúsúmù, ìyá Yàkúbù, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú tẹ̀sùbáà rẹ̀. Màmá wo Sàláhúdéènì látòkè délẹ̀. “Àna kì í ṣe ará ìta,” ló wí. “Èyí tí kò sì lè gba ẹran lẹ́nu ológbò, ìyàwó ta ni yóò gbà?”

Ojú Múdàṣírù fà ro. Akínladé kò jẹ́ kó pẹ́. Ó gbé aṣọ kakí àti akoto wolé-wolé lé e lọ́wọ́, ó ní òun ni kó wá yẹ kànga wò ní ìparí. Nígbà tó wọ̀ ọ́ tán, àwọn ọmọ orí ògiri bẹ́ sá, wọ́n rò pé wolé-wolé gidi ti dé. “Ẹni tó dáa lójú ni mo ti ń wá,” ni Akínladé sọ fún ara rẹ̀. “Ẹni tí àyè náà bá mu ni mi ò wá.”

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni wọ́n kọ́ Sàláhúdéènì. Ó nà sórí ẹní, ikùn rẹ̀ yọ sókè. Sàlíhátù jáde, ó bi í ìgbà wo ni yóò bo kànga. Sàláhúdéènì yán, ó ní, “Tó bá di ọ̀la.”

Ọ̀rọ̀ yẹn bọ́ sí Sàlíhátù nínú bí ẹni ju iná sí koríko ẹ̀ẹ̀rùn.

“Ọ̀la? Ọ̀la wo? Ọ̀la tó ti ń bọ̀ látinú oyún! Ọmọ ti jáde, ó ti rìn, ó ti ń ka Kùránì, ọ̀la kò tíì dé! Ìwọ ń sùn, èmi ń gbé abọ́ káàkiri nínú òjò! Òrùlé ilé ìdáná ń jò sínú ọbẹ̀, o sì ń jẹ ẹ́, o ń lá ọwọ́, o ní ó dùn! Òjò ló dùn mọ́ ọ lẹ́nu yẹn, kì í ṣe iyọ̀! Páànù wà nílé, ìṣó wà nílé, ọwọ́ nìkan ni kò sí!”

Kò sí òrùlé nínú ohun tí Akínladé kọ́ ọ. Kò dá a dúró. Yàkúbù ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù, kò gbọ́. Kúlúsúmù fi ìborùn dí ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Nígbà tí Múdàṣírù wọlé pẹ̀lú akoto, orúnkún Sàlíhátù kanlẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì bẹ wolé-wolé fún ọ̀lẹ ọkọ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Akínladé fi nu ojú. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ Yéwándé.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e nígbà tí mọ́tò májìgí dé. Gbogbo Tudun Wada tú yáyá lọ sí pápá, àwọn ará Chanchaga lẹ́bàá ìlú náà gun kẹ̀kẹ́ wá. Bí ikùn Sàláhúdéènì ṣe yọ lórí aṣọ funfun, ariwo sọ. Bí Sàlíhátù ṣe la ẹnu, àwọn obìnrin dìde dúró. Sàlíhátù náà dìde. Òun nìyí! Ohùn òun ló gba gbogbo pápá kan! Ó yọjú wo ẹ̀gbẹ́ àwọn ọkùnrin. Yàkúbù ló ń rẹ́rìn-ín jù, ó ń fọwọ́ lu itan, ó ń pariwo pé, “Ẹ wo ọ̀lẹ!”

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ òrùlé dé.

Ẹ̀rín gan mọ́ Yàkúbù lẹ́nu. Ọwọ́ tó fẹ́ fi lu itan dúró sí òkè. Gbogbo Minna ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń ké pé kí wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì tún un ṣe, ó sì tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì, tiyọ̀ tòjò. Ẹ̀rù ba Sàlíhátù. Títí wọ́n fi délé, iwájú ni Yàkúbù ń yára lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ariwo òòlù ló jí i. Ó sáré jáde. Yàkúbù wà lórí òrùlé ilé ìdáná, ìṣó kún ẹnu rẹ̀, Múdàṣírù sì ń na páànù sí i látìsàlẹ̀. Ọmọ kan tó ń kọjá lójú títì ké pé, “Tó bá di ọ̀la o!” Òòlù yẹn túbọ̀ yá sí i.

Sàlíhátù dúró ní àgbàlá. Orúnkún rẹ̀ fẹ́ kanlẹ̀, kò gbà fún un. Ó gbé ojú sókè, ó sì fi ẹnu ìta, èyí tó mú dírẹ́bà ṣa ata, sọ̀rọ̀ sí ọkọ rẹ̀ gan-an fún ìgbà àkọ́kọ́.

“Bàbá Báàkí! Apá ọ̀tún yẹn ló ń jò jù!”

Yàkúbù wò ó látòkè. Ìṣó kò jẹ́ kó lè dáhùn. Ó mi orí pé òun gbọ́, ó sì sún sí apá ọ̀tún.