Ọwọ́ Tí Kò Ní Sùn

"Ẹ jẹ́ kí n kú síbí!" Obìnrin aránṣọ kan fi ọwọ́ méjèèjì di irin bẹ́ẹ̀dì mú. Nọ́ọ̀sì méjì dúró ti kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi gbé e lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ, wọ́n ń wojú ara wọn.

"Ìyàwó mi, mo bẹ̀ ọ́," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Egbò inú rẹ ti kẹ̀. Bí wọn ò bá tún un là lónìí, a ò ní bá ọ lọ́la."

"Ṣé ìwọ ni wọ́n là, tí ò ń gbọ́ ohùn àwọn tó ń là ọ́?"

Ọjọ́ mẹ́fà sẹ́yìn ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Láti ìgbà tó ti jí ló ti ń pariwo pé oorun ò gbé òun lọ, pé òun mọ ọ̀bẹ lára. Nọ́ọ̀sì ní àlá ni. Ọkọ rẹ̀ náà ní àlá ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tilẹ̀ fi rẹ́rìn-ín, ó ní ẹni tó bá jí lábẹ́ ọ̀bẹ, ṣebí á sáré ni. Ó rọrùn lẹ́nu ẹni tí wọn ò la inú tirẹ̀.

Dókítà tó ń fún àwọn aláìsàn ní abẹ́rẹ́ oorun kí wọ́n tó là wọ́n wọlé, àgbàlagbà kan tó wọ awò ojú. "Ẹ má bẹ̀rù, mà. Oògùn yẹn máa ń mú èèyàn lálàá."

Obìnrin náà yíjú sí i. "Mo fẹ́ pariwo, ẹnu mi ò là. Mo fẹ́ gbé ìka, ìka ò dá mi lóhùn. Omijé nìkan ló ń jáde. Nọ́ọ̀sì kan ní, 'Dókítà, ó ń sunkún o.' Ẹ ní wọn ò pa ojú mi dé dáadáa ni, kí wọ́n fi pílásítà lẹ̀ ẹ́. Ṣé àlá nìyẹn náà?"

Dókítà bọ́ awò rẹ̀. Ó lè sẹ́, ta ni ìbá bi í? Ṣùgbọ́n ojú tì í.

"Mo sọ bẹ́ẹ̀," ló wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Mi ò ka omijé yẹn sí. Ẹ dárí jì mí."

Ọkọ fi ọwọ́ bojú. Láti ọjọ́ mẹ́fà ló ti ń bá a jà lórí ọ̀rọ̀ yìí.

"Lónìí," ni dókítà wí, "màá fi rọ́bà so apá yín ọ̀tún pinpin kí oògùn tó ń mú ara kú má baà dé ọwọ́ yẹn, kó lè máa mira. Èmi ni màá dì í mú títí wọn á fi rán yín tán. Bí ẹ bá ti gbọ́ ohunkóhun, ẹ fún ọwọ́ mi pọ̀, màá dá wọn dúró."

"Bí ẹ bá wá ní iṣan ló kàn ń fà ńkọ́?"

"Mi ò jẹ́ sọ irú ẹ̀ mọ́ láyé mi."

"Ẹnu yín nìyẹn."

Ó tú ọwọ́ ọ̀tún kúrò lára irin, ó gbá ọwọ́ dókítà mú, ó fi gbogbo agbára tó kù fún un pọ̀. Ogún ọdún ni ọwọ́ aránṣọ yẹn ti fi ń lo sísọ́ọ̀sì. Ìrora mú kí dókítà lọ́ ara rẹ̀.

"Ó dùn yín?"

"Ó dùn mí gan-an."

Ẹ̀rù ṣì ń ba obìnrin náà, ṣùgbọ́n ó tú ọwọ́ kejì kúrò lára irin. "Bí màá ṣe fún ọwọ́ yín nìyẹn," ló wí. "Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ yẹn súnmọ́ mi."