Ìrẹsì Wòsílátù

Monísọ́lá kò sunkún lọ́jọ́ tí wọ́n sin ìyá rẹ̀. Ọjọ́ tí Adégbóyè, alága ẹgbẹ́ àgbẹ̀, dìde nípàdé ní Ìkọ̀lé, tó gbé irúgbìn ìrẹsì ìyá náà sókè, tó ní ti bàbá òun ni, ọjọ́ yẹn ló sunkún. Kì í ṣe ẹkún àánú rárá. Ẹkún ẹni tó ti ń wá ohun tí yóò fi gbẹ̀san ni.

Wòsílátù ìyá rẹ̀ ló mú ìrẹsì náà wá látọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ́nà Ọ̀tùn. Lọ́dọọdún ló máa ń ṣa ṣírí tó bá gbó jù sọ́tọ̀, títí ìrẹsì náà fi yàtọ̀ sí ti gbogbo ènìyàn. Ọmọ ìrẹsì náà pọ́n díẹ̀, bó bá sì wà lórí iná, òórùn rẹ̀ á ti dé ọ̀dọ̀ ará ilé kejì. Nílé tiwọn, èèwọ̀ ni láti fi irúgbìn du ẹni tó bá tọrọ rẹ̀. Ojúṣe ẹni tó gbà á kò ju ẹyọ kan lọ: bí wọ́n bá bi í, kó dárúkọ ẹni tó fún un. Nígbà tí Adégbóyè wá kí Monísọ́lá kú ọ̀fọ̀, tó sì tọrọ irúgbìn, Monísọ́lá bù ú fún un kún abọ́. Ó tilẹ̀ kúnlẹ̀ fún un.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà gbóná ni ìdánwò tí wọ́n fẹ́ ṣe. Wọ́n fẹ́ gbin oríṣiríṣi ìrẹsì sójú kan, kí wọ́n fi wọ́n wéra: èyí tó so jù, èyí tí ọmọ rẹ̀ kì í fọ́ nílé ẹ̀rọ tó sì dùn lẹ́nu, èyí tí àrùn kò lè borí. Irúgbìn èyí tó bá gbégbá orókè ni wọn yóò pín fún àwọn àgbẹ̀ láti Ìkọ̀lé dé Ọyẹ́, dé Ìdó, títí dé Ọ̀tùn, orúkọ ẹni tó mú un wá ni wọn yóò sì máa pè é. Monísọ́lá fẹ́ kí wọ́n máa pè é ní Wòsílátù. Nígbà tó gbé tirẹ̀ dé, Táyọ̀, obìnrin onímọ̀ ọ̀gbìn tó ń darí ìdánwò náà, wò ó, ó ní irú rẹ̀ ti wà níbẹ̀, Alága ló mú un wá.

Monísọ́lá lọ bá Adégbóyè nílé.

"Bàbá, ẹ ṣáà mọ ibi tẹ́ ẹ ti rí i."

"Ulé bàbá mi ni mo ti rí i," ni Adégbóyè fèsì, ó ń yọ ẹran léyín. "Ọmọ mi, irúgbìn ò lólúwa. Ẹni tó bá gbìn ín ló ni ín. Ṣé mo jí i ni? Ìwọ lo kúnlẹ̀ gbé e fún mi."

Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni Monísọ́lá gbé délé, òun ló bá jí, òun ló bá sùn. Adìẹ dà mí lóògùn nù, ó ní, èmi náà á fọ́ ọ lẹ́yin. Bí ìrẹsì náà kò bá ní jẹ́ ti Wòsílátù, kó má jẹ́ ti ẹnikẹ́ni láyé.

Bùkọ́lá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtìgbà èwe, ló yọ̀ǹda ilẹ̀ tí wọ́n fi ṣe ìdánwò náà. Oko ìrẹsì tirẹ̀ gan-an ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, tó lọ bẹẹrẹbẹ. Nígbà tí ìrẹsì ti ga dé orúnkún, tí òjò kò sì dá mọ́, Monísọ́lá gun ọ̀kadà lọ sí oko kan lọ́nà Ọ̀tùn tí olóko ti pa tì nítorí àrùn. Àrùn náà máa ń fi àmì tó dà bí ojú sára ewé, kò sì ní pẹ́ tí ewé á fi gbẹ bí ẹni fi iná sun ún. Kò sí àgbẹ̀ tí kò mọ̀ pé ó ń ràn. Monísọ́lá já ewé náà kún àpò ajílẹ̀ kan.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, nígbà tí gbogbo ènìyàn wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó wọ oko ìdánwò. Ó fọ́n ewé náà sáàárín ìrẹsì Adégbóyè, ó fi òmíràn ra ewé tútù, ó rẹ ìyókù sínú omi, ó sì fi ọwọ̀ wọ́n ọn káàkiri. Ká má parọ́, inú rẹ̀ dùn. Kò rí àrùn yìí lóko ìyá rẹ̀ rí, ó sì gbà pé ìrẹsì tí kò bá a pàdé rí ni yóò kọ́kọ́ kú.

Àrùn náà dé lóòótọ́. Ó jó ìrẹsì tí wọ́n mú wá láti Ìfàkì, ó jó ti Ọyẹ́, ó jó èyí tí Táyọ̀ fúnra rẹ̀ gbé wá, ó sì fo ààlà wọ oko Bùkọ́lá, ó jó o láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ti Adégbóyè nìkan ló dúró, ó tutù yọ̀yọ̀. Àmì díẹ̀ hàn lára ewé ìsàlẹ̀, kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ojoojúmọ́ ni Monísọ́lá ń lọ wò ó, tó ń retí kó kú, tí kò kú. Níbẹ̀ ló ti yé e. Àrùn náà ti dé oko ìyá rẹ̀ láìmọye ìgbà. Ìrẹsì Wòsílátù ni kì í gbà fún un.

Wọ́n kórè, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n gbé e lọ sílé ẹ̀rọ, wọ́n sè é, wọ́n tọ́ ọ wò. Lọ́jọ́ tí wọ́n pe gbogbo àgbẹ̀ jọ, Táyọ̀ ní àwọn ti ń ronú bí àwọn ṣe máa mọ èyí tó lè borí àrùn, àrùn sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá. "Láìsí àrùn yẹn," ó ní, "ìrẹsì mìíràn ni ì bá borí. Òun ló fi ti Alága hàn." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Adégbóyè fi ọpẹ́ fún Ọlọ́run àti bàbá rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ ara rẹ̀ pín irúgbìn. Monísọ́lá náà pàtẹ́wọ́. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run.

Bùkọ́lá gba tirẹ̀, ó wá jókòó ti Monísọ́lá. Ó di ọ̀rá irúgbìn náà mú sórí itan. Irúgbìn kan kò kù nílé rẹ̀ mọ́ àfi èyí.

"Uṣẹ́ ọdún kan ni mo pàdánù," ó ní. "Bó bá jẹ́ atẹ́gùn ló gbé àrùn yìí wọ ulẹ̀ mi, mo gbà. Àmọ́ bó bá jẹ́ ènìyàn ni, ohun tí onítọ̀hún bá gbìn kò ní hù mọ́ láéláé. Ṣe àmín fún mi, Monísọ́lá."

"Àmín," ni Monísọ́lá wí.

Bùkọ́lá ní òun kò gbọ́, kó sọ ọ́ sókè. Ó sọ ọ́ sókè.