Tìmùtìmù Àrán Lábẹ́ Láptọ́ọ̀pù

"Ẹ́ńjìnì kan náà ni!" Ọ̀gá Ephraim fi ìka gbá lẹ́bẹ́lì ara láptọ́ọ̀pù, ó lọ fi gbá ti dẹ́sítọ́ọ̀pù. "Pentium 133. Wo ibí: Pentium 133. Kí ni mo wá ń fi àpótí ràgàjì yìí ṣe?"

Morádéún tó jókòó nídìí dẹ́sítọ́ọ̀pù ń tẹ ìwé rẹ̀ lọ. Ọdún 1997 nìyẹn, ó sì ti pé ọdún mẹ́ta tó ti ń bá ọ̀gá yìí tẹ̀wé ní ọ́fíìsì rẹ̀ ní Àpápá, níbi tí wọ́n ti ń bá àwọn oníbàárà gba ẹrù jáde ní wọ́ọ̀fù. Àpótí ràgàjì yẹn ni iṣẹ́ rẹ̀. Oṣù mẹ́rìnlá ló fi kọ́ ọ ní ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ ní Ajégúnlẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn fún márùn-ún nínú rẹ̀, pẹ̀lú sálúbàtà kan tí okùn rẹ̀ já lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ní báyìí, ọ̀gá ti gbé láptọ́ọ̀pù dé láti Lọ́ńdọ̀nù. Ó ní lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn kọ̀ǹpútà méjèèjì yóò sáré ìdíje. Bí kékeré bá bá ńlá dọ́gba, òun yóò ta ńlá, òun yóò máa tẹ ìwé òun fúnra òun ní èbúté Tin Can, kí Morádéún wá iṣẹ́ míì.

Ní Ọjọ́bọ̀, Morádéún yà sọ́dọ̀ Ṣínà tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Bọ́ńdìrì.

"Sista Morá, fọkàn ẹ balẹ̀," ni Ṣínà wí. "Orúkọ ni wọ́n jọ ń jẹ́. Prosẹ́sọ̀ inú ńlá, ìyẹn ẹ́ńjìnì ẹ̀, iná ara ògiri ló ń jẹ, ó ń jẹ àjẹyó, fáànù gidi sì wà lórí ẹ̀ tó ń fẹ́ ẹ. Ti láptọ́ọ̀pù, nítorí bátìrì, oúnjẹ ṣín-ún ni wọ́n kọ́ ọ láti máa jẹ. Inú ibẹ̀ tún há, fáànù ẹ̀ ò ju ìdérí ìgò lọ. Tí ooru bá mú un, á dẹ ìrìn kó má baà jóná."

"Ibo ló ti ń mí?"

"Lábẹ́."

Morádéún rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ah-ah! Wetin you wan do?"

"Ọ̀wọ̀ ni mo fẹ́ bù fún un."

Ọ̀gá Ephraim kì í jẹ́ kí ohun iyebíye wà níhòòhò. Tẹlifíṣọ̀n ilé rẹ̀ wọ aṣọ kúróṣé, fíríìjì wọ̀ ọ́, tẹlifóònù ọ́fíìsì gan-an dé fìlà. Nítorí náà, nígbà tí Morádéún gbé tìmùtìmù àrán pupa wọlé ní ọjọ́ Ẹtì, inú ọ̀gá dùn.

"Ọ̀gá, ohun tó wọ bàálù wá láti Lọ́ńdọ̀nù, ṣé orí tábìlì lásán ló yẹ kó jókòó sí?"

"O káre! Ìwọ gan-an mọ nǹkan." Ó gbé láptọ́ọ̀pù náà ka orí tìmùtìmù, ó sì tún fi aṣọ kúróṣé há a lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì.

Ṣínà, tí wọ́n pè wá ṣe adájọ́, rí i, ó wúkọ́, ó gbójú sókè àjà. Ó ti ṣe ètò kan sínú díísìkì: kí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan to ìlà ẹgbẹ̀rún mẹ́fà inú ìwé ẹrù tó ń lọ Tin Can lọ́jọ́ náà bó ṣe yẹ, kó sì máa ka iye tó ti tò síta.

"Ó yá!"

Fún ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n ń bá ara wọn rìn. Ọ̀gá ń kọ orin ìsìn lábẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, dẹ́sítọ́ọ̀pù wọ 3,000, kékeré wà ní 2,100, ó ń fà.

"Kí ló dé? Ó ń ronú ni?"

"Bóyá ó ń ṣàárò Lọ́ńdọ̀nù, sà," ni Morádéún wí.

Ìgbà tí ńlá dé 5,200 ni NÉPÀ mú iná lọ. Ojú dẹ́sítọ́ọ̀pù ṣú, fáànù rẹ̀ dákẹ́. Jẹnẹrétọ̀ wà nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n epo ti wọ́n láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Láptọ́ọ̀pù wà lórí bátìrì, ó ń wọ́ lọ: 2,610… 2,640…

Ọ̀gá fò sókè. "Halelúyà! Ta ló kú? Ta ló ń rìn? Morádéún, máa kó ẹrù ẹ!"

Morádéún dìde. Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú kóòmù àti Bíbélì rẹ̀. Láptọ́ọ̀pù dún píì, ó tún dún píì, ojú tirẹ̀ náà ṣú. Ọ̀gá já a gbà láti mì ín, ó jù ú sílẹ̀ lórí tìmùtìmù.

"Yéè! Ó jó mi!"

Ṣínà fọwọ́ kan abẹ́ láptọ́ọ̀pù náà. "Ọ̀gá, ẹ ti dí i nímú. Àrán lábẹ́, aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. E no fit breathe."

Ọ̀gá Ephraim rọra yíjú sí Morádéún. "Ìwọ lo gbé tìmùtìmù wá."

"Èmi ni, sà."

"O mọ̀?"

"Mo mọ̀, sà. Ṣùgbọ́n aṣọ ẹ̀gbẹ́ yẹn, ẹ̀yin lẹ fi kún un."

Ẹ̀rín gbé Ṣínà, ó sọ ọ́ di ikọ́. Ọ̀gá bi í pé, "Ká ní kò sí tìmùtìmù ńkọ́?"

"Kò ní bá ńlá, sà. Ṣùgbọ́n ńlá náà, ẹ rí i: láìsí NÉPÀ, òkú ni."

Ọ̀gá wo ìka rẹ̀ tó pọ́n, ó wo Morádéún. "Èmi tí mo ní màá gbé e lọ Tin Can, kò tíì lo wákàtí kan lọ́wọ́ mi tí mo fi pa á. Ìwọ tó o mọ ibi tó ti ń mí ni yóò máa gbé e. Tí iná bá wà, ńlá. Tí kò bá sí, èyí. Dá Bíbélì yẹn padà."

"Ẹ ṣé, sà."

"Má tíì dúpẹ́. Ìwé ẹrù yẹn gbọ́dọ̀ dé Tin Can kí aago mẹ́rin tó lù. Ṣé o ti fi èyí tó ti tò pamọ́ kí iná tó lọ?"

Morádéún fa àga sún mọ́ tábìlì. "Rárá, sà. Láti ìlà kìn-ín-ní la ó tún ti bẹ̀rẹ̀."

Nígbà tí láptọ́ọ̀pù tutù, Ṣínà fi ìwé ńlá méjì gbé etí rẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀. Morádéún tẹ bọ́tìnnì. Ọ̀gá Ephraim tú táì, ó lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ó ń fi ìwé ìròyìn fẹ́ atẹ́gùn sí abẹ́ láptọ́ọ̀pù.

"Ṣé ó ń mí?"

"Ó ń mí, sà. Ẹ má dáwọ́ dúró."