Àbẹ́là Inú Sálúbàtà Màámi

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, oorun ò tíì dá lójú mi tán. Màámi wà ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun kan, ẹsẹ̀ wọn ti wú, mo wá mú wọn lọ sí ọsibítù. Wòlíì ti gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, kò bi èmi ọmọ wọn, kò bi dókítà tó kọ ọ́. Ó tan àbẹ́là sínú sálúbàtà wọn lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Tí ìyá yìí bá jáde kí èyí tó jó tán, ikú ń dúró dè é níta."

Mo jókòó ti àbẹ́là náà. Àbẹ́là ò jó wálẹ̀, ńṣe ló ń ga, títí ó fi kan òrùlé.

Mo ní, "Bàbá, ẹ wò ó, ó ń ga sí i."

Ó ní, "Ọ̀tá ìyá yín ló pọ̀."

Mo gbé àkàbà, mo gùn ún láti lọ fẹ́ iná náà pa. Màámi tí kò lè rìn ti wà lókè ṣáájú mi. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo iná náà, ọwọ́ wọn ń jó, wọn ò gbé e kúrò.

"Ọmọ mi, jọ̀ọ́, má pa mí."

Ibẹ̀ ni mo ti jí.