Àmì Ẹ̀yẹ Karùn-ún

Ọmọ oṣù mẹ́ta ni mí nígbà tí bàbá mi kú sójú ogun. Ọ̀gá ni nínú iṣẹ́ sọ́jà. Ọgọ́rùn-ún ọkùnrin ló wà lábẹ́ rẹ̀. Nínú fọ́tò tó wà ní pálọ̀ wa, àmì ẹ̀yẹ márùn-ún ló wà láyà rẹ̀. Mẹ́rin péré ni wọ́n kó wá fún ìyá mi, pẹ̀lú lẹ́tà pé ìbọn bà á lójijì, kò jẹ̀rora rárá.

Télọ̀ ni ìyá mi. Lọ́sàn-án gangan, nígbà tí ilé bá pa lọ́lọ́, á ṣàdédé dá máṣíìnì dúró, á lọ ṣílẹ̀kùn. Kò ní sí ẹnikẹ́ni.

"Màámi, ta ló kànlẹ̀kùn?"

"Bàbá rẹ ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló máa ń kàn án."

Bí ẹni ń sọ pé òjò ti ń ṣú ló ṣe máa ń sọ ọ́. Kápẹ́ńtà tó pààrọ̀ ìdè ilẹ̀kùn wa ní, "Ilé yìí mà ń gbàlejò ju òtẹ́ẹ̀lì lọ o!" Ìyá mi rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Mo ti di nọ́ọ̀sì, mo ti pé ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, nígbà tí ọkùnrin olórí ewú kan wá lọ́sàn-án Sátidé. Kò kànlẹ̀kùn. Ó dúró síta, ó ń ké, "Àgò o!"

"Ẹ káàsán, màmá. Èmi ni dírẹ́bà ọ̀gá nígbà ogun."

Ìyá mi wò ó tìtì. "Ta ló rán yín?"

"Ọ̀gá ni."

"Ìgbà wo?"

"Lánàá, lójú oorun."

Ọkùnrin náà tú áńkáṣíìfù kan. Àmì ẹ̀yẹ karùn-ún ló wà nínú rẹ̀.

Ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, bàbá mi já àmì ẹ̀yẹ yìí láyà, ó ní, "Bí mi ò bá délé, ìyàwó mi ni kó o fún." Ó ní kí dírẹ́bà dúró nínú ọkọ̀, kó má pa ẹ́ńjìnnì, òun fẹ́ lọ gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́. Ó gbé ẹnì kan dé, ó tún padà lọ. Ìgbà náà ni dírẹ́bà rí àwọn ọ̀tá lókèèrè.

"Ọ̀gá ti dé ẹ̀yìn ọkọ̀, màmá. Ó ń fọwọ́ gbá a. Mo gbọ́ dáadáa. Mo sì wa ọkọ̀ lọ." Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Mi ò tún lè wa mọ́tò mọ́. Bí mo bá ti wọ inú ẹ̀, màá gbọ́ ọ."

"Ẹ̀ẹ̀melòó ló gbá a?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta."

Ìyá mi yíjú sí ẹnu ọ̀nà. "Ilẹ̀kùn mi ni mo rò pé ó ń kàn."

Mo dìde láti lé ọkùnrin náà jáde. Ìyá mi dì mí lọ́wọ́ mú. Ó bi í pé, "Ṣé ẹ ṣì mọ ibẹ̀? Ẹ mú wa lọ."

Wákàtí mẹ́fà ni mo fi wa ọkọ̀. Ọkùnrin náà di etí méjèèjì títí a fi dé. Ìyá mi wọ aṣọ dúdú tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán, ó fi àmì ẹ̀yẹ márààrún sáyà.

Ibẹ̀ ti di ibi tí wọ́n ti ń ṣe búlọ́ọ̀kù. Ẹ̀rọ ń dún gìrìgìrì, eruku sìmẹ́ǹtì bo gbogbo ilẹ̀. Dírẹ́bà nawọ́ sí ibì kan. Ìyá mi ló dì í mú kó má ṣubú; èmi ò lè fọwọ́ kàn án.

Ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ wá bá wa. "Ẹ káàbọ̀, màmá. Ta lẹ ń wá?"

"Ọkọ mi ni."

"Ṣé ó ṣiṣẹ́ níbí ni?"

"Ó ṣiṣẹ́ níbí."

Ọ̀gá òṣìṣẹ́ náà rí àwọn àmì ẹ̀yẹ láyà rẹ̀. Ó ṣí fìlà, ó ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ. Ìyá mi jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún àjèjì yìí bí ọkọ òun ṣe ga tó.