Ẹni Tó Dúró Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kámẹ́rà

"Ẹ tún un sọ," ni Nola wí.

Inú ọkọ̀ ni wọ́n wà, lẹ́yìn ilé ńlá tí wọ́n ti ń ya fíìmù, wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ inú fíìmù náà dánra wò. Nola ló wa ọkọ̀ náà. Láti ọjọ́ tí Royce Tallant, ọkọ rẹ̀, ti wa ọkọ̀ lọ sí ilé tí wọ́n ti tà tipẹ́, tó ń bá onílé jà lẹ́nu ọ̀nà, ló ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Má tíì lọ," ni Royce wí. "Jókòó tì mí díẹ̀. Ilé yìí... Ilé yìí..."

"Ilé yìí tóbi jù fún ẹnì kan ṣoṣo."

"Mo mọ̀ ọ́n! Ṣé mo ní mi ò mọ̀ ọ́n ni?" Ó fi ìbínú kọjú sí fèrèsé, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ohùn rẹ̀ fi rọ̀. "Nola, jọ̀ọ́, má jẹ́ kí wọ́n mọ̀. Bí fíìmù yìí bá yanjú, òmíràn á dé. Ṣèlérí fún mi pé o ò ní í jẹ́ kí wọ́n lé mi lọ sílé."

"Mo ṣèlérí." Kí ni ì bá tún sọ?

Àwa tá a ti pẹ́ ní Hollywood mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ìlú wa yìí á dárí ọtí jì ọ́, á dárí obìnrin jì ọ́. Kódà bí o bá fọ́ ọ̀gá létí, wọ́n á fi ṣe ẹ̀rín lọ́dún tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n gbọ́ pé ọ̀rọ̀ kì í dúró sí ọ lórí mọ́, ó parí nìyẹn. Àwọn adójútòfò, tó ń san owó bí fíìmù bá dàrú, ò ní í fọwọ́ sí ọ, kò sì sẹ́ni tó máa gbé kámẹ́rà síwájú ẹni tí wọn ò fọwọ́ sí. Ọgbọ̀n ọdún ni àwọn obìnrin Amẹ́ríkà fi ń torí Royce wọ ilé sinimá. Ẹ̀rín ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ yẹn nìkan, àwọn ọkọ kan wà tí wọn ò tíì dárí rẹ̀ jì í. Ní báyìí, ó ti di ẹni tó ń ṣe bàbá arẹwà ọmọge, bàbá tó ń kú lọ lórí bẹ́ẹ̀dì nínú fíìmù àwọn ọ̀dọ́ òṣèré.

Àṣà kan wà tí Royce kò fi ṣeré rí. Nígbà tí kámẹ́rà bá ń ya ojú ẹnì kan, ẹni tí wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà, á máa sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀, kí ẹni ọ̀hún lè rí ojú tó máa bá sọ̀rọ̀. Àwọn ìlúmọ̀ọ́ká wa kì í ráyè ìyẹn. Tí wọ́n bá ti ya tiwọn tán, ilé yá, kí akọ̀wé tó ń tọ́jú ìwé eré máa kà á. Royce kì í lọ. Bó ṣe ẹni tó kàn gbé abọ́ wọlé ni, á dúró tì í. Bó ṣe dúró ti Nola náà nìyẹn, nígbà tí Nola jẹ́ ọmọ tuntun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, tí gbólóhùn rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Wọ́n ya Nola tán, Royce bi wọ́n pé, "Ọmọ yìí dára o. Ta ni?" Ibi tí ìgbéyàwó wọn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Lánàá, ojú Dinah ni wọ́n yà, ọmọbìnrin tó ń ṣe ọmọ rẹ̀ nínú fíìmù náà. Royce dúró tì í, ó mú ìwé dání, ó ń ka tirẹ̀, kò sẹ́ni tó fura. Òní ló wá kan Royce fúnra rẹ̀, kò sì síbi téèyàn lè fi ìwé pamọ́ sí lójú kámẹ́rà. Dinah kò tilẹ̀ wá. Ó ránṣẹ́ pé òun ń ṣe irun.

"Ó ń ṣe irun!" Gus Ekblad, àgbà ayàwòrán tó wà nídìí kámẹ́rà, pòṣé. "Ẹni tó dúró tì í títí lánàá! Ọmọ aláìmoore."

"Gus, ó tó," ni Pell wí. Pell ni olùdarí fíìmù náà, ọ̀dọ́mọkùnrin ni. "Akọ̀wé, ẹ bá wa kà á."

Akọ̀wé kà á bí ẹni ń ka iye tí wọ́n ń ta ẹran: "Bàbá ilẹ̀ ti ń ṣú ṣé kí n máa lọ ni."

"Má tíì lọ," ni Royce wí lórí ìrọ̀rí. Ó dúró. Ètè rẹ̀ ń mì, kò sí ohun tó jáde. Wọ́n tún un ṣe, ibì kan náà ló há sí. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, orúkọ obìnrin inú fíìmù mìíràn ló pè.

Pell fa Nola sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Màmá, ẹ má bínú sí mi. Ṣé ara Bàbá yá báyìí?"

"Ara rẹ̀ le koko. Èèyàn ni kẹ́ ẹ fún un, ẹ má fún un ní ìwé. Ẹ jẹ́ kí n kà á."

"Ẹ̀yin kẹ̀?"

"Òṣèré lèmi náà kí n tó di ìyàwó ilé. Àbí ẹ rò pé ìdí ààrò ni wọ́n bí mi sí?"

Gus bú sẹ́rìn-ín. Pell ní kò burú.

Nola lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà. Ó ti pẹ́ tó ti dúró níbẹ̀ gbẹ̀yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Wọ́n tan iná.

"Bàbá, ilẹ̀ ti ń ṣú. Ṣé kí n máa lọ ni?"

Royce gbójú sókè, ó wò ó. Ojú rẹ̀ là kedere, bíi ti ìgbà èwe. "Má tíì lọ. Jókòó tì mí díẹ̀. Ilé yìí tóbi jù fún ẹnì kan ṣoṣo."

Kò ṣi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Ọkùnrin tó ń tọ́jú iná fi ìbọ̀wọ́ nu ojú.

"Ó dáa! Ó tán!" Pell ń pàtẹ́wọ́. "Bàbá, ó ṣì wà lára yín o! Màmá, fíìmù kan ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, wọ́n ń wá ẹni tó máa ṣe adájọ́, ọ̀rọ̀ sì kún ẹnu adájọ́ náà dáadáa. Ti Bàbá ni. Ẹ sáà ti gbà."

Nola fẹ́ẹ̀ẹ́ fò sókè. Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀ kí wọ́n jọ yọ̀. Royce ti dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń nàka sí i.

"Ọmọ yìí dára o," ló wí. "Ta ni?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. "Áà, Bàbá yìí! Aláwàdà ni wọ́n!" ni Pell wí.

Royce kò rẹ́rìn-ín. "Mi ò ṣàwàdà. Ẹ yí kámẹ́rà sọ́dọ̀ rẹ̀, òun ló kàn. Mi ò ní í lọ sílé, mo máa dúró tì í." Ó wá rọ ohùn sí Nola. "Má bẹ̀rù, arábìnrin. Bí gbogbo wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn."

Royce ti gbàgbé ilé, ó ti gbàgbé orúkọ ọ̀rẹ́, kò gbàgbé Nola rí. Ojú tó fi ń wò ó yìí, ojú rere ni, ṣùgbọ́n ojú tí wọ́n fi ń wo àlejò ni. Ó dùn ún wọnú eegun.

"Màmá, kí ni kí n sọ fún àwọn ọ̀gá?" Pell ṣì ń dúró.

Nola rántí ìlérí tó ṣe nínú ọkọ̀.

"Ẹ sọ fún wọn pé Royce Tallant ti fẹ̀yìn tì. Ẹnikẹ́ni ò lé e o. Òun ló ní ó tó gẹ́ẹ́."

Pell wò ó títí, kò yé e. Nígbà tó ṣe, ó bá àwọn yòókù jáde lọ jẹun ọ̀sán. Gus nìkan ló kù. Ó rọra yí kámẹ́rà ńlá náà títí tó fi kọjú sí Nola.

"Kò sí fíìmù nínú kámẹ́rà o," ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Mo mọ̀," ni Nola wí.

Royce sọ̀kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì láìwọ bàtà, ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà. "Ojú mi ni kó o máa wò, má wo kámẹ́rà," ló wí. "Ó yá."

Nola wo ojú rẹ̀. Kò nu omijé rẹ̀.

"Ilẹ̀ ti ń ṣú," ló wí. "Ṣé kí n máa lọ ni?"

"Má tíì lọ," ni Royce dá a lóhùn. "Jókòó tì mí díẹ̀."